Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Kí Oògùn Tó Tán

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló wà lára rẹ, ìwọ ni mo jókòó kọ èyí sí. Bóyá o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà kò tètè sọ. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì ṣe oníwàásù. Ilé iṣẹ́ òwú ni mo ti ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ṣe àìsàn náà, nítorí pé mo dáwọ́ oògùn dúró, mo sì purọ́ nípa rẹ̀. N ó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bọ́láńlé ni orúkọ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ṣùgbọ́n Agége ni mo ti di àgbà. Lákòókò tí ìjọba ológun gbé ètò Sáàpù dé, tí gbogbo nǹkan fi wọ́n, mo ti lo ọdún mẹ́fà nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ran òwú ní Òregùn. Ọkọ mi, Kọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà fún ilé iṣẹ́ kan ní Ọgbà títí wọ́n fi dá awakọ̀ méje dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òun náà sì wà nínú wọn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá pè é ló ń bá wakọ̀. Yàrá kan là ń gbé nítòsí ojú irin ní Agége. Ọmọ wa obìnrin, Ìbùkún, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ìjọ wa kò tóbi. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan là ti ń jọ́sìn, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta irin. Èmi ni mo máa ń gbé orin, èmi náà ni mo ń darí àdúrà àwọn obìnrin. Bí mo bá sọ pé mo gbàgbọ́ nígbà náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tó ń dún nìkan ni mo mọ̀. Ohùn mi ròkè, mo mọ ọ̀rọ̀ àdúrà tò. Bí mo bá gbàdúrà fún ènìyàn tán, wọ́n á ní ó ti parí, Sístà Bọ́lá ti gbàdúrà. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. Níbi iṣẹ́ wa, kò sẹ́ni tí kì í wúkọ́. Eruku òwú ń bà lé wa lórí irun, ó ń bà lé wa ní ìpéǹpéjú, bí a bá sì fun imú, funfun ni yóò jáde. Nítorí náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò sẹ́ni tó yíjú wò mí. Mo lọ sọ́dọ̀ kẹ́místì, ó fún mi ní oògùn ikọ́ aládùn. Mo mu ìgò mẹ́ta, ikọ́ kò lọ. Nígbà tó di oṣù kejì, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá jí láàárọ̀, aṣọ tí mo fi sùn á ti rin gbingbin fún òógùn. Síkẹ́ẹ̀tì yúnífọ́ọ̀mù tó ń há mi ní ìdí tẹ́lẹ̀, pín-ìn-nì ni mo wá ń fi mú un dúró. Àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ ní Sáàpù ni. Gbogbo ènìyàn ló ń rù nígbà náà. Bí o bá rí ẹni tó sanra, ńṣe ni o máa bi í léèrè ibi tó ti ń jẹun.

Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n lọ sí ọsibítù. Ilé iṣẹ́ ń dín òṣìṣẹ́ kù, orúkọ ẹni tí ara rẹ̀ kò bá sì yá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ sílẹ̀. Mo ń wúkọ́ sínú aṣọ kí súpáfáísọ̀ má baà gbọ́. Mo ń gbàdúrà pẹ̀lú. Mo ń pàṣẹ fún ikọ́ náà pé kó máa lọ, mo sì fẹ́ kó tètè lọ kí n má baà ní ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́nu iṣẹ́, ikọ́ gbé mi débi tí mo fi sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí mo tutọ́ sínú aṣọ ìnujú mi, ẹ̀jẹ̀ ni. Kò pọ̀, ó tó ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan. Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mo ń wò ó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú, àǹtí bàbá mi kan tutọ́ ẹ̀jẹ̀ báyìí. Àwọn ará ilé kọ́ àtíbàbà fún wọn lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Igi ni wọ́n fi máa ń ti àwo oúnjẹ sún mọ́ wọn. Àwo yẹn ni mo rántí, kì í tilẹ̀ ṣe ojú wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo fi aṣọ ìnujú náà han Kọ́lá.

Ó ní, "Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ikọ́ náà ti lé ní oṣù mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ yìí, òní ni."

Ó ká aṣọ náà pọ̀. Ó wá ní, "Ìyá Ìbùkún, ọsibítù ni à ń lọ lọ́la."

Mo ní, "Wọ́n á dá mi dúró níbi iṣẹ́."

"Bí o bá kú ńkọ́, ṣé wọn ò ní dá ọ dúró ni?"

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí a fi dé ọsibítù ìjọba, síbẹ̀ ènìyàn mẹ́rìnlélógójì ló ti wà níwájú wa lójú fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Mo kà wọ́n nítorí pé kò sí nǹkan mìíràn láti ṣe. Nígbà yẹn, aláìsàn ló ń ra abẹ́rẹ́, aláìsàn ló ń ra ìbọ̀wọ́ tí dókítà máa wọ̀. Nígbà tó kàn mí, ọ̀sán ti pọ́n. Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ó fún mi ní ìgò kékeré kan, ó ní kí n máa wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀ fún òwúrọ̀ mẹ́ta. Ó ní kí n ya fọ́tò igbá-àyà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́, Ìkẹjà la ti lọ yà á. Kọ́lá ta rédíò wa kó tó lè san owó rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni èsì jáde. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú ló pè wá sí kọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, jókòó. Ikọ́ ife ni."

Kọ́lá ló béèrè pé, "Ṣé ó ń lọ, Mà?"

"Ó ń lọ dáadáa. Àwọn tó gba oògùn níbí tí wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni oògùn rẹ̀. Oṣù méjì la máa fi gún un lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà ó máa gbé hóró oògùn mì títí ọdún á fi yí po." Ó kọjú sí mi. "Ara rẹ máa yá kí oògùn tó tán. Ìgbà yẹn ni yóò máa ṣe ọ́ bíi kó o dáwọ́ dúró. Má dáwọ́ dúró. Bó bá padà wá, ó máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá ọkọ mi ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹni tí kì í fi ìrun ṣeré, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì àgbo kan dání. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi mu rèé. Máa mu ún pẹ̀lú oògùn òyìnbó." Nọ́ọ̀sì ti ní kí n má pa nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ oògùn náà. Dípò kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá, ńṣe ni mo ń da àgbo náà sí gọ́tà, tí mo ń ní mo ti mu ún. Irọ́ kékeré ni lójú mi. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, wọ́n mú Ìbùkún dání kó má baà kó ikọ́ náà. Ní ibùdókọ̀, ọmọ náà di etí ìró mi mú, kò jẹ́ kó lọ. Kọ́lá ló tú ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilé iṣẹ́ fún mi ní ìsinmi oṣù mẹ́ta láìsí owó oṣù. Àwọn ará ìjọ mú gàrí àti ẹyin wá. Pásítọ̀ wa, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ní Òregùn láàárín ọ̀sẹ̀, wá gbàdúrà fún mi nílé, ó sì jókòó tì mí láìbẹ̀rù. Arákùnrin kan tún wà nínú ìjọ, Brọ́dà Táíwò, tó ń jó irin ní Ọgbà. Ó dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan.

Ó ní, "Sístà Bọ́lá, èmi náà ń gba oògùn yẹn. Ó ti lé lóṣù kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn oníbàárà mi."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A máa ń pàdé lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, á sún fún mi kí n lè jókòó. Ó máa ń sọ nípa ìyàwó rẹ̀, Rónkẹ́, tó ń ránṣọ, àti nípa ilẹ̀kùn irin kan tó fẹ́ ṣe fún ìjọ wa lọ́fẹ̀ẹ́ bí ara rẹ̀ bá yá.

Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ara mi ti bọ̀ sípò. Ikọ́ ti lọ, òógùn ti gbẹ, síkẹ́ẹ̀tì mi kò nílò pín-ìn-nì mọ́. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, súpáfáísọ̀ sì ń fi ojú burúkú wò mí nígbàkígbà tí mo bá tọrọ àyè láti lọ gba oògùn. Bí mo bá dé ọsibítù, wọ́n lè ní oògùn ti tán, tàbí pé àwọn òṣìṣẹ́ ti yanṣẹ́ lódì. Hóró oògùn náà ń rí mi lára. Ó rẹ̀ mí, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mo fo ọjọ́ kan, mo fo ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí nǹkan tó ṣe mí. N kò padà lọ mọ́.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo dúró sí, ọ̀rọ̀ ara mi nìkan ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdúpẹ́ ìjọ dé. Ojú ti ń tì mí láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ pé èmi tí mo ń gbàdúrà fún aláìsàn ń gba káàdì ọsibítù. Mo fẹ́ gba orúkọ mi padà. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, Pásítọ̀ dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Sístà, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ jẹ́rìí. Ṣé dókítà ti ní kí ẹ dáwọ́ oògùn dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pásítọ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan mọ́."

Mo gun orí pẹpẹ. Fọ́tò igbá-àyà kan ṣoṣo tí mo ní ni ti àkọ́kọ́, èyí tí àìsàn wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sókè sójú iná, mo ní, "Ẹ wò ó, ó ti mọ́." Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà. Mo ní mo ti da oògùn nù, nítorí Ọlọ́run kì í ṣe iṣẹ́ àṣekù. Wọ́n pariwo, wọ́n jó. Brọ́dà Táíwò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo rí i, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ikọ́ padà. Kò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, n kò lè gbé orin ju ẹsẹ kan lọ. Mo ń sọ fún àwọn ènìyàn pé eruku òwú ni. Lákòókò kan náà, a kò rí Brọ́dà Táíwò ní ìjọ mọ́, àwọn obìnrin sì ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́ wò, nítorí èmi ni olórí wọn.

Mo bá a lórí ẹní nínú yàrá wọn ní Ọgbà. Egungun èjìká rẹ̀ ti yọ síta. Rónkẹ́ kó aṣọ tó ń rán kúrò lórí àga, ó ní, "Ẹ jókòó, Mà." Brọ́dà Táíwò rẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi.

Mo ní, "Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

Ó ní, "Rárá. Láti ọjọ́ ẹ̀rí yín ni mo ti dà á nù. Mo ní bí Ọlọ́run bá ṣe é fún Sístà Bọ́lá, yóò ṣe é fún mi." Ó sinmi díẹ̀ kó lè mí. "Sístà, ẹ bá mi wò ó. Kí ló dé tí tèmi fi padà? Ibo ni ìgbàgbọ́ mi ti kù?"

Ìdáhùn wà lọ́fun mi. Ikọ́ tèmi gan-an wà lọ́fun mi, mo ń mú un mọ́ra. Mo gbàdúrà fún un, àdúrà gígùn tó dára, mo sì dìde lọ sílé. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni ojú máa ń tì mí sí jù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Màmá Ẹlẹ́kọ. Díákónì obìnrin ni wọ́n nínú ìjọ wa, opó ni wọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ro ẹ̀kọ. Mo jókòó sórí àpótí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn kò dá ọwọ́ ẹ̀kọ tí wọ́n ń rò dúró, kó má baà di kókó. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ta lo máa kọ́kọ́ sọ fún?"

Mo ní, "Ọlọ́run, Màmá."

"Ọlọ́run ti mọ̀ tipẹ́. Táíwò ni ò mọ̀."

Wọ́n sọ ẹ̀kọ kalẹ̀, wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́, a jọ lọ sí Ọgbà.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà, mo sọ fún òun àti Rónkẹ́ pé dókítà kò sọ fún mi pé kí n dáwọ́ dúró, pé fọ́tò tí mo gbé sókè kì í ṣe tuntun, pé ikọ́ náà ti padà sára èmi náà. Brọ́dà Táíwò ń wo àjà. Ó wá yíjú sí mi.

"Nígbà náà, kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ mi kéré."

Mo ní, "Rárá o. Irọ́ mi ló pọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ara tù ú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Rónkẹ́ dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń pè mí ní Mà lánàá kò fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní, "Jáde." Mo jáde.

Ọjọ́ yẹn náà ni Màmá Ẹlẹ́kọ ránṣẹ́ sí Pásítọ̀, wọ́n gbé Brọ́dà Táíwò lọ sí ọsibítù, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, mo tún gun orí pẹpẹ, mo sọ ohun tí mo ti sọ ní Ọgbà, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, àfi pé n kò dárúkọ Brọ́dà Táíwò. Pásítọ̀ dìde, ó ní òun náà jẹ̀bi, nítorí ó yẹ kí òun ti ní kí n mú káàdì wá kí òun wò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó dùn-ún gbọ́ nìkan ni òun ń wá. Wọ́n gba orin lọ́wọ́ mi, wọ́n gba àdúrà àwọn obìnrin lọ́wọ́ mi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdílé méjì kúrò nínú ìjọ. Èmi kò kúrò. Ẹ̀yìn pátá ni mo ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ṣí, kí ikọ́ mi má baà ran ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Brọ́dà Táíwò lò ní wọ́ọ̀dù. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tuesday kan. Dókítà sọ fún Pásítọ̀ pé ìbá ṣeé ṣe kó yè bí kò bá dáwọ́ oògùn dúró. Pásítọ̀ sọ ọ́ fún mi nítorí mo béèrè. N kò lọ síbi ìsìnkú. Rónkẹ́ ló ránṣẹ́ pé kí n má wá.

Ìtọ́jú tèmi bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó sì le. Nọ́ọ̀sì kan náà ni mo bá níbẹ̀. Ó wo káàdì, ó wò mí, kò bá mi wí. Ó ní, "Oṣù méjìdínlógún ni báyìí. Abẹ́rẹ́ náà máa pọ̀ sí i." Abẹ́rẹ́ yẹn ló mú etí òsì mi lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi inú ìkòkò, nígbà tó yá, kò gbọ́ nǹkan mọ́. Ilé iṣẹ́ dá mi dúró ní oṣù kejì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí Kọ́lá dá mi padà sí Ìjẹ̀bú. Kọ́lá ní òun kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ mi tún gbé àgbo wá, mo kúnlẹ̀, mo sọ fún wọn pé mo da ti àkọ́kọ́ nù, mo sì purọ́ fún wọn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ò sọ? Ṣé mo máa fi tipátipá dà á sí ọ lẹ́nu ni?" Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wọn padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní tí mo bẹ̀rẹ̀ hóró oògùn, Màmá Ẹlẹ́kọ kanlẹ̀kùn. Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání nínú abọ́ onídèérí. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Gbé e mì kí n rí i." Mo rò pé ọjọ́ yẹn nìkan ni. Wọ́n wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wá nígbà òjò. Wọ́n wá lásìkò ọ̀wọ́n epo, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Lọ́jọ́ kìíní, mo fẹ́ gbàdúrà lé oògùn náà lórí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n gbọ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Bọ́lá, ẹ̀kọ ń tutù. Sọ fún Olúwa pé ti òní rèé, kó o gbé e mì. Kí ènìyàn ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, àdúrà nìyẹn náà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. "Olúwa, ti òní rèé." Màmá á ka ẹsẹ kan nínú Bíbélì wọn, a ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á gbé abọ́ wọn, wọ́n á lọ. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni mo ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń gbàdúrà láìsí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Mo ń dárúkọ Rónkẹ́ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ wà tí n kò mọ nǹkan kan lára, tí ó dà bíi pé ògiri ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ní, "Ṣé oògùn náà ń dùn lẹ́nu rẹ?" Mo ní rárá. "Ṣé kò wá ṣiṣẹ́?"

Ìbùkún padà dé nígbà tí dókítà ní kò sí ewu mọ́. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí." Ó tó oṣù méjì kó tó pè mí ní Màmá.

Ọjọ́ tí oṣù méjìdínlógún pé, nọ́ọ̀sì fa ìlà sí ìdí káàdì mi, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo lọ sílé, mo se ẹ̀wà. N kò jẹ́rìí ní ìjọ. Pásítọ̀ kéde fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó ti rí káàdì.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú Brọ́dà Táíwò, ibi tí mo ti ń tú ọjà mi sílẹ̀ láàárọ̀, òwú àti bọ́tìnnì ni mo ń tà ní Agége báyìí, ni mo rí Rónkẹ́ tó dúró níwájú mi. Kò kí mi.

Ó ní, "Mo ti ń wúkọ́ láti oṣù tó kọjá. Ìwọ lo mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Mo kó ọjà mi padà sínú àpò. Ìlà ti gùn jù lọ́jọ́ náà; láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pè é. Ikọ́ ife ni, ṣùgbọ́n ó tètè wá. Mo bi í bóyá kí n máa wá wò ó láàárọ̀ bó bá ń gbé oògùn mì. Ó ní, "Bó bá wù ọ́." Mo ń rìn láti Agége dé Ọgbà kí n tó lọ síbi ọjà. Á ṣí ilẹ̀kùn, á gbé e mì níṣojú mi, á ti ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́rin la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí òjò pa mí, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì í, mo sì wọlé. Àga tí mo jókòó sí nígbà àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. N kò jókòó títí ó fi ní, "Ẹ jókòó." Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kò sọ rí pé òun ti dárí jì mí, n kò sì bi í. Ó lo oògùn rẹ̀ tán. Ara rẹ̀ le, ó ń ránṣọ.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìjọba ológun ṣì wà lórí àlééfà, Ìbùkún sì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà. Dókítà ní apá òkè ẹ̀dọ̀fóró mi ọ̀tún ti di àpá, kò ní padà bọ̀ sípò. Bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ìjọ wa, mo máa ń dúró ní àárín kí n mí, àwọn ènìyàn á máa kọjá lára mi. Ẹni tó bá wà lápá òsì mi gbọ́dọ̀ pariwo kí n tó gbọ́. Ṣùgbọ́n mo jí lónìí, mo jẹun, mo ta ọjà. Màmá Ẹlẹ́kọ ti darúgbó, èmi ni mo ń lọ kí wọn láàárọ̀ nísinsìnyí, a sì máa ń dákẹ́ pọ̀.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí o bá ń lọ sí ọsibítù lọ́la, tètè jí, jẹun kó o tó kúrò nílé, mú omi dání, ìlà náà gùn. Wá ẹnì kan tí yóò máa wò ọ́ bí o bá ń gbé oògùn mì, ẹni tí o kò lè purọ́ fún. Gbàdúrà, jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún ọ. Ara rẹ á sì yá kí oògùn tó tán. Bí wọ́n bá ní kí o wá jẹ́rìí nígbà náà, lọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n sọ iye oṣù oògùn tó kù fún wọn.